Bákì Méjì, Rédíò Kan

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ọkọ mi Bámgbóyè já bọ́ láti orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Káfíńtà ni. Igi tí ó fi ẹsẹ̀ lé ti jẹrà nínú, kò sì mọ̀. Ojúgun rẹ̀ ọ̀tún ló dá. A dúpẹ́ pé kì í ṣe ọrùn. Ní ọsibítù, wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í láti itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó má ṣe tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí wọn yóò fi tú u.

Yàrá méjì la ń gbé ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó, nígbà náà, nínú ilé Bàbá Ọláoyè. Ìrẹsì ni mo ń tà ní Ọjà Ọba. Ọmọ wa kan ṣoṣo, Bámidélé, wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kì í wálé àfi ní ìgbà ọlidé. Nítorí náà, bí mo bá ti gbẹ́rù jáde láàárọ̀, ọkọ mi á ku òun nìkan lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo àjà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Oúnjẹ tí mo bá gbé sílẹ̀ fún un, bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ ni mo ń bá a.

Màá bi í pé, "Bàbá Bámidélé, kí lẹ ṣe lónìí?"

Á ní, "Mo ka pákó àjà."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Iye tí wọ́n jẹ́ lánàá náà ni."

Màá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí ọkùnrin tí eegun rẹ̀ jinná tí ọkàn rẹ̀ kò sì dìde mọ́.

Ohun kan ló fẹ́ràn láyé lẹ́yìn Ọlọ́run àti iṣẹ́ igi, bọ́ọ̀lù ni. Kí ó tó já bọ́, kò sí Sátidé tí kò sí létí pápá. Bí kò bá sí eré ní Adó, á lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọláoyè, wọn á jọ máa gbọ́ ọ nínú rédíò. Ní báyìí, pápá jìnnà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàápàá jìnnà. Ohun tí mo ń wá nígbà náà kò ju rédíò kan lọ, èyí tí mo lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Agbára wa kò sì gbé e.

Ọlọ́run wá la ẹnu Bàbá Ọláoyè. Ọ̀gá tíṣà ni Bàbá, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí ilé rẹ̀ dá páropáro. Àwọn ọmọ rẹ̀ ra rédíò ńlá kan wá fún un, èyí tí ń gbé àwo orin. Èyí kékeré tó wà nílẹ̀, tí ó ní àpò awọ tí ó sì ń lo bátìrì, kò ní iṣẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá pe gbogbo ayálégbé jọ.

Ó ní, "N kò ní tà á, n kò sì ní fi í tọrẹ. Ẹ ó jìjà dù ú. Eré kan wà tí èmi àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi máa ń ṣe nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ àfọkànyàn là ń pè é."

Eré náà kò le. Ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ìlú fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ilé yóò yan agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú gbogbo àwọn tí yóò gbá a: ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá a sáwọ̀n, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nínú àwọn bákì. Ẹni tí ìdílé kan bá ti yàn, ìdílé mìíràn kò gbọ́dọ̀ yàn án mọ́. Bí ẹni tí o yàn bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ọmọ ayò méjì bọ́ sínú agolo rẹ. Bí ó bá jẹ́ òun ló gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a wọlé, ọmọ ayò kan. Ìdílé tí agolo rẹ̀ bá kún jù nígbà tí ìdíje bá parí ló ni rédíò.

Mo wọlé sọ fún ọkọ mi. Ó gbé orí sókè kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tí ó gbé orí sókè gbẹ̀yìn.

Ó ní, "Àyọ̀kẹ́, gbé ìrọ̀rí kejì wá." Oríkì mi ló ń pè.

Igi ìgbálẹ̀ gígùn àti kúkúrú ni a fi ṣẹ́ kèké ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn. Ẹni tó ń gbá a sáwọ̀n tiwa dára díẹ̀, ti àárín náà dára díẹ̀. Ó wá ku bákì. Bákì ló le jù láti yàn, nítorí iṣẹ́ bákì ni kí ó dènà, ẹni tó bá ń dènà kì í rí ọmọ ayò gbà. Èyí tó níye lórí nínú eré wa ni bákì tó mọ̀ ọ́n dènà tó sì tún máa ń sáré lọ síwájú. Àwọn méjì péré ni àwọn èèyàn mọ̀ pé wọ́n rí bẹ́ẹ̀: Ọládélé ti Ìkẹ́rẹ́ àti Ọmọ́níyì ti Igbemo. Àwọn ìdílé yòókù ti kọ́kọ́ yan bákì tiwọn láti ìlú wọn lọ́hùn-ún, nítorí ìfẹ́ ìlú. Ó wá ku èmi àti Nọ́ọ̀sì.

Àtinúkẹ́ ni orúkọ Nọ́ọ̀sì. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa láti òdìkejì àgbàlá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, oṣù oṣù ló ń wá. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré, Fọláyẹmí, ló wà níbẹ̀. Òun náà fẹ́ rédíò yìí gidigidi. Ó ní òun kì í gbọ́ ohùn àgbàlagbà kankan lẹ́yìn iṣẹ́ àfi ti èmi, ohùn tèmi sì ti sú òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ rí, bí ata.

Èmi ni mo fa ìgbálẹ̀ gígùn. Èmi ni n ó kọ́kọ́ mú nínú àwọn méjèèjì. Bàbá Ọláoyè fún mi di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e.

Ọkọ mi ní, "Kí lo tún ń rò sí? Ọládélé ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó lè gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn kí ó wọlé. Ọmọ́níyì lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ló máa ń jókòó ṣọ́."

Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Ìyá Bámidélé, ẹ mú Ọládélé o. Ẹ ṣáà mú un. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún mi, inú oorun ni ẹ ó ti máa gbọ́ rédíò mi."

N kò mọ bọ́ọ̀lù bí ọkọ mi ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ fi ojú ara mi rí wọn. Ní ọjọ́ tí àwọn Ìkẹ́rẹ́ wá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ ní Adó, mo fi àtẹ mi sílẹ̀ fún aládùúgbò mi, mo lọ. Ọládélé dára lójú! Ó ń sáré bí ìgalà, àwọn ọmọbìnrin sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan. Bí ó bá sáré lọ síwájú tí ó gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún òun, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á wò ó, á sì gbé e fún ẹlòmíràn. Léraléra ni mo rí i bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ pé, "Bọ́ọ̀lù tó bá dé ẹsẹ̀ Ọládélé kì í padà mọ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Mo padà sílé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í dúró lórí mi, nítorí náà mo ti kọ wọ́n sára ìwé tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ìwé kíkọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi sùúrù kọ́ wa, nítorí a kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí mo ṣe ń kà á, ọkọ mi di ojú, ó ń wo pápá náà nínú ọkàn rẹ̀.

Ó ní, "Ọládélé náà ni."

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Igbemo láti ra ìrẹsì, nítorí ìgbà ìkórè ni. Ìyá Monínúọlá ni mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá àgbà ni, ó ń gbìn ín, ó sì ń bá àwọn mìíràn tà á. Mo bá a tó ń wé gèlè, ó fẹ́ jáde.

Ó ní, "O ò lè rí ìrẹsì rà n'úlé lónìí, ọmọ mi. Gbogbo àwọn géńdé ti lọ sóko. Oko Ọmọ́níyì ni àáró kàn."

Mo ní, "Ọmọ́níyì wo? Ọmọ́níyì bọ́ọ̀lù?"

"Ọmọ́níyì mélòó la ní?"

Mo bá a lọ sí oko. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìrẹsì ti pọ́n, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tò lọ láti etí oko dé etí oko, ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n ń gé e, wọ́n ń kọrin. Gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Igbemo ló wà níbẹ̀. Adéyẹyè, ọ̀gá wọn, ẹni tó máa ń pín bọ́ọ̀lù, tó sì máa ń gbá pẹ́nárítì, wà láàárín wọn, òógùn bò ó.

Mo kí i pé ó kúuṣẹ́. Mo ní, "Ṣé gbogbo yín pátá lẹ wá?"

Ó nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ta ni kò ní wá, Mà? Nígbà tí ìyá mi kú tí n kò lè lọ sóko, ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ dé oko mi, òun ló kẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Oko gbogbo wa ló ti ṣe. Ó máa ń sún tirẹ̀ sẹ́yìn fún ẹni tí ìrẹsì rẹ̀ bá tètè pọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ tirẹ̀ ló kẹ́yìn."

Ọmọ́níyì fúnra rẹ̀ rìn wá, ọkùnrin gíga, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní o máa ń jókòó ṣọ́lé. Ṣé o máa ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ṣá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, mo máa ń jẹ́ kí gólì wa rí oorun sùn ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti inú ìrẹsì pé, "Irọ́ ló ń pa! Tí ó bá sáré síwájú, òun la máa ń gbé e fún!"

Gbogbo ọ̀nà láti Igbemo dé Adó ni mo fi ń rò ó, lórí àpò ìrẹsì nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àáró, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣòfò. Ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ á kàn. Ẹsẹ̀ Ọládélé yá ju ti Ọmọ́níyì lọ, èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yíyá kò wúlò fún ẹni tí wọn kò bá gbé bọ́ọ̀lù fún.

Ní ọjọ́ Àìkú, níwájú gbogbo ilé, mo ní, "Ọmọ́níyì ti Igbemo."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó yí po. "Olúwa ṣeun! Ìyá Bámidélé, ìrẹsì lẹ lọ rà àbí bákì?"

Nígbà tí mo wọlé, ọkọ mi ti gbọ́. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Àyọ̀kẹ́, o ti ta rédíò wa."

Mo rò pé òótọ́ ló sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, Ọládélé gbá fúrí-kíìkì kan láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé. Nọ́ọ̀sì ju ọmọ ayò méjì sínú agolo rẹ̀, ó mi agolo náà níwájú fèrèsé wa bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọmọ́níyì kò gbá nǹkan kan wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, á sáré síwájú, wọn á gbé e fún un lóòótọ́, òun náà á gbé e fún ẹlòmíràn, ìyẹn á gbá a wọlé, ọmọ ayò kan á bọ́ sínú agolo tiwa. Bí ìyá adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo ló ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ sí pápá, tí mo bá dé, n ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, n ó ròyìn. Ọkọ mi kò kọjú sí ògiri mọ́. Ó ń bá mi jà. "Kí ló dé tí kò sáré wọ àárín? O ò wò ó dáadáa ni!" Mo fara mọ́ ìjà yẹn, ó sàn ju dídákẹ́ lọ.

Ìdíje wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, ní Adó, kí Kérésìmesì tó dé. Àwọn ìdílé yòókù ti ṣubú sẹ́yìn. Ọmọ ayò méjì ni Nọ́ọ̀sì fi ń ṣáájú mi. Ìkẹ́rẹ́ àti Igbemo ló sì pàdé! Èmi àti Nọ́ọ̀sì jọ lọ ni, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, Fọláyẹmí wà láàárín wa.

Ọ̀nà tí Ọládélé máa ń gbà lọ síwájú ni ọ̀nà tí Ọmọ́níyì ń ṣọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Ọmọ́níyì kò sáré lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí Ọládélé bá yà sí, ibẹ̀ ló ń bá èjìká Ọmọ́níyì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rere ló ń ṣe fún ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ayò nínú rẹ̀ fún mi.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá Bámidélé, bákì yín mà ti di ògiri. Ògiri kì í gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n o."

Mo ní, "Ọládélé tìrẹ ńkọ́? Kò tíì rí ọ̀nà gba ara ògiri kọjá."

"Ó ṣì ń kan ilẹ̀kùn ni."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń rò bí n ó ṣe wọ yàrá yẹn, bí n ó ṣe sọ fún ọkọ mi.

Eré ti fẹ́ parí, ẹnikẹ́ni kò tíì gbá a wọlé, ni wọ́n bá gbé Adéyẹyè ṣubú níwájú àwọ̀n àwọn Ìkẹ́rẹ́. Rẹfirí fọn fèrè: pẹ́nárítì. Inú mi kò dùn, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé Adéyẹyè ló ń gbá pẹ́nárítì Igbemo, Adéyẹyè kò sì sí nínú ẹgbẹ́ mi. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sọ́wọ́. Dípò kí ó gbé e sílẹ̀, ó kọjú sẹ́yìn. Ó rìn la gbogbo pápá já, lọ sí ọ̀dọ̀ Ọmọ́níyì tó dúró níwájú àwọ̀n tiwọn lọ́hùn-ún, ó sì na bọ́ọ̀lù sí i.

Ọmọ́níyì mi orí pé rárá. Adéyẹyè sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Monínúọlá sọ fún mi pé ohun tí ó sọ ni pé, "Oko rẹ ló kàn." A kò gbọ́ ọ níbi tí a jókòó sí, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ́níyì rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń lọ síwájú ọ̀gá. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kò fi ẹwà kankan sí i. Ó gbá a bí ẹni ń fi àáké la igi, ó wọlé.

Nọ́ọ̀sì ní, "Yéè! Ògiri wó lù mí!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ọláoyè ní kí wọ́n gbé ọkọ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àga. Ó da agolo méjèèjì sórí tábìlì níwájú gbogbo wa, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ọgbọọgba ni.

Bàbá họ orí. "Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìṣirò, n kò ronú kan èyí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á tún fa ìgbálẹ̀."

Mo wo ọwọ́ ara mi. Mo ti fa ìgbálẹ̀ gígùn lẹ́ẹ̀kan, ta ló mọ̀ bóyá mo ti lo èyí tó jẹ́ tèmi tán.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ dúró ná."

Ó kọjú sí mi. "Láti ìgbà tí ẹ ti Igbemo dé lẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ àáró dí mi létí. Àáró, àáró. Ó dáa. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, ẹní ta ni Fọláyẹmí ń sùn lé? Ẹ ò bi mí rí pé títí di ìgbà wo. Kí a ṣe àáró rédíò. Oko tiyín ló kọ́kọ́ kàn. Ní ọjọ́ tí Bàbá Bámidélé bá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, oko tèmi kàn." Ó wá na ìka sí ọkọ mi. "Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá fún mi o. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e wá, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. N kò ní gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Ọkọ mi ló dáhùn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, o ti fi ọgbọ́n mú mi."

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá."

Báyìí ni rédíò ṣe dé ẹ̀gbẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì wa. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti ọjà dé, èmi ni ọkọ mi ń ròyìn fún: ìròyìn ayé, bọ́ọ̀lù, ìkéde òkú, gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ sì ń tán nínú àwo.

Nígbà tí wọ́n tú sìmẹ́ńtì náà, ẹsẹ̀ ti rù bí igi ìgbálẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, á pariwo, á sì padà jókòó. Nọ́ọ̀sì á yọ orí láti ojú fèrèsé rẹ̀. "Bàbá Bámidélé, rédíò mi dà? Ẹ ti fẹ́ sọ ọ́ di ogún ni?" Inú á bí ọkọ mi, á tún dìde, á di ògiri mú, á gbé ẹsẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kejì, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ dá ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ilẹ̀ àgbàlá ṣì tutù. Mo ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tó jáde. Ó fi àpò awọ rédíò kọ́ ọrùn, ó di ọ̀pá mú ní ọwọ́ kan. Mo fẹ́ sáré sí i, ó fi ojú dá mi dúró. Ó rìn la àgbàlá náà já, ó ń simi, ó ń rìn, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Nọ́ọ̀sì, ó sì fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì jáde tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ òru ló ti dé.

Ọkọ mi bọ́ rédíò lọ́rùn, ó nà án sí i. "Nọ́ọ̀sì, oko rẹ ló kàn."

Kò tilẹ̀ wo rédíò náà. Ó ní, "Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀ ná." Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojúgun ọkọ mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń bi í léèrè pé ṣé ó ń dùn ún níbí, ṣé ó ń dùn ún níbí, ọkọ mi sì ń dáhùn pé rárá.